Páàdì Méjì Agboolé Aláwọ

Bí èèyàn bá ti Mápó sọ̀ kalẹ̀ wá sí Bẹẹrẹ, tó kọjá àwọn tó ń ta aago àti àwọn tó ń ta bàtà òkìrìkà, yóò rí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí wọ́n kun ilẹ̀kùn rẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Kò sí pátákó níwájú rẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ibẹ̀, kó ṣáà béèrè Karimat Onípáàdì, wọn á nawọ́ sí i fún un. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n rí a máa rò pé géńdé kan ni òun fẹ́ bá níbẹ̀. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni o, tó so ìkangun ìbòrí rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọrùn kí iná má baà ràn án, tó tẹrí ba bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì.

Páàdì tó ń ṣe yìí, òun ni ohun tí a ń fi ọwọ́ méjèèjì dì mú bí a bá ń gbá géèmù nínú tẹlifíṣọ̀n. Kì í ṣe ti òde òní tí kò ní wáyà o. Ti àtijọ́ ni, ti ẹ̀rọ tí kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fẹ̀ bí ègé búrẹ́dì, tí a ní láti fẹnu fẹ́ eruku inú rẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́. Àwọn tó gbá a ní kékeré ti di bàbá, wọ́n ti di ìyá, ó sì tún ń wù wọ́n. Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ kì í tètè kú. Páàdì ló máa ń kú, nítorí òun ni ẹni tó bá fìdí rẹmi máa ń jù mọ́ ògiri.

Bàbá tó bí Karimat, rédíò ló ń tún ṣe ní Oníyanrìn. Ẹsẹ̀ bàbá yìí ni Karimat jókòó sí títí tó fi mọ iṣẹ́. Òun ló ń bá a di rédíò mú, òun ló ń bá a wá ìdè tó bá bọ́ sábẹ́ àga. Títí di òní, bí òjé bá ń yọ́ lẹ́nu irin gbígbóná, òórùn bàbá rẹ̀ ni Karimat ń gbọ́.

Ó ní bó ṣe ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Kó tó ṣe páàdì fún ẹnikẹ́ni, yóò kọ́kọ́ bu amọ̀ rírọ̀ lé e lọ́wọ́, yóò ní, "Ẹ dì í mú bí ẹni pé ẹ ti ń gbá a." Onítọ̀hún á dì í mú, ojú ìka rẹ̀ á hàn nínú amọ̀. Ibẹ̀ ni Karimat ti ń mọ bí yóò ṣe gbẹ́ igi, àti ibi tí bọ́tìnì yóò wà. Bíríkìlà kan wá rí tí ìka rẹ̀ tó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, tó jẹ́ pé bó bá tẹ bọ́tìnì kan, mẹ́ta ló ń tẹ̀. Karimat ṣe tirẹ̀ fẹ̀ bí àwo. Obìnrin kan tún gbé páàdì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó di olóògbé wá, ó ní kó bá òun tún inú rẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n kó má fọwọ́ kan ibi tí àtàńpàkò ẹ̀gbọ́n òun ti jẹ ẹ́. Karimat ò fi aṣọ nu ibẹ̀ pàápàá.

Agboolé Aláwọ ni wọ́n fẹ́ Karimat sí, lẹ́yìn Ọjà'ba níbẹ̀ yẹn. Ọkọ rẹ̀, Nojeem, ọkọ̀ ńlá ló ń wà, tó ń kó ẹrù láti Gbági lọ sí òkè Ọya. Ó lè lọ kó pẹ́ kó tó dé. Nítorí náà, àwọn àgbà ilé ni Karimat bá gbé jù, pàápàá bàbá ọkọ rẹ̀, Bàbá Àkíbù, àti àbúrò bàbá ọkọ rẹ̀, Bàbá Fàsásì.

Àbí kí n má tí ì sọ pé àbúrò? Ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀.

Bàbá wọn ló ní ìyàwó méjì. Ọjọ́ kan náà ni àwọn ìyàwó méjèèjì rọbí. Bàbá wà lóko. Wọ́n rán ẹnì kan láti yàrá ìyáálé, wọ́n rán ẹnì kan láti yàrá ìyàwó kékeré, àwọn méjèèjì gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ẹ̀gbẹ́ ahéré ni wọ́n ti pàdé, ni wọ́n bá lanu pa pọ̀: "Bàbá, ọkùnrin ni o!" Bàbá ní, "Ti yàrá wo ló kọ́kọ́ dé?" Àwọn méjèèjì tún dáhùn pa pọ̀: "Tiwa ni!" Àwọn àgbà obìnrin tó gbẹ̀bí náà ò fẹnu kò. Èyí ní ọmọ ti ké kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì, ìyẹn náà ní ọmọ tòun ti ké kí wọ́n tó pè é. Títí bàbá fi wọ káà ilẹ̀, kò dá ẹjọ́ náà.

Báyìí ni Àkíbù àti Fàsásì ṣe dàgbà láìmọ ẹni tí yóò pe ẹnì kejì ní ẹ̀gbọ́n. Bí wọ́n bá fẹ́ pín ẹran Iléyá, àwo méjì ni, èèyàn méjì ni yóò gbé e, ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì sì gbọ́dọ̀ jọ wọlé. Nígbà tí Karimat ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kò mọ ẹni tí òun yóò kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí láàárọ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀, Ìyá Nojeem, ló fà á wọ yàrá. Ó ní, "Gbọ́, ọmọ mi. Àárín ni kí o kúnlẹ̀ sí. Má wojú ẹnì kankan. Ògiri ni kí o wò, kí o wá ní, Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin bàbá mi." Bẹ́ẹ̀ náà ni Karimat ṣe ń ṣe é. Ó mọ ògiri yẹn ju bó ṣe mọ ojú ẹlòmíràn lọ.

Àwọn bàbá méjèèjì yìí ní ẹ̀rọ géèmù kan. Ìgbà tí Nojeem wà ní kékeré ni wọ́n rà á fún àwọn ọmọ. Àwọn ọmọ dàgbà, wọ́n fọ́n ká, àwọn bàbá ò fọ́n ká. Bí wọ́n bá ti kírun Àsárì tán, wọn á tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọn á fẹ́ kásẹ́ẹ̀tì lẹ́nu, wọn á máa gbá bọ́ọ̀lù inú tẹlifíṣọ̀n, àwọn agbábọ́ọ̀lù tí kò ga ju èèrùn lọ.

Páàdì àkọ́kọ́ ní bọ́tìnì tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ eré. Páàdì kejì ò ní in, bí wọ́n ṣe ṣe é láti ilé iṣẹ́ nìyẹn. Àwọn bàbá yìí wá fi í dá òfin kan sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá nà nínú eré lánàá, òun ni àbúrò lónìí. Òun ni yóò mú páàdì kejì, bí eré yóò bá sì bẹ̀rẹ̀, àfi kó bẹ ẹnì kejì.

Karimat á wà ní ilé ìdáná, yóò máa gbọ́ ohùn wọn.

Bàbá Fàsásì á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa bẹ̀rẹ̀."

Bàbá Àkíbù á ní, "Mi ò gbọ́."

"Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bẹ̀rẹ̀."

"O ti kí mi láàárọ̀ yìí?"

"Mo kí yín."

"O dọ̀bálẹ̀, àbí o kàn nàró bí òpó?"

"Orúnkún ló ń dùn mí, ẹ̀gbọ́n."

"Orúnkún ọmọdé kì í dun ni. Ìwà ló kù díẹ̀. O ti jẹun?"

"Mo ti jẹ."

"Kí lo jẹ? Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ ńkọ́? O lò ó, àbí o tún fi pamọ́ sábẹ́ ahọ́n bí ti ìjẹta? Ya ẹnu kí n rí i!"

Bàbá Fàsásì á yanu. Ó lè pẹ́ gan-an kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù kankan. Bó bá di ọjọ́ kejì, tí ipò bá yí padà, Bàbá Fàsásì náà á gbẹ̀san. Á ní kí Bàbá Àkíbù ka gbogbo ìdílé wọn láti orí bàbá ńlá wọn kí òun tó tẹ bọ́tìnì. Wọn á pariwo, wọn á bú ara wọn, Karimat á mi orí níbi tó ti ń ro ọbẹ̀. Lójú tirẹ̀, wàhálà ni. Ìyá Nojeem nìkan ló máa ń rẹ́rìn-ín, kì í sì í sọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín.

Ìgbà òjò ni Ìyá Nojeem lọ. Àìsàn tó ṣe é ò pẹ́ lára rẹ̀. Bó ṣe kù díẹ̀, ó di ọwọ́ Karimat mú, ó ní, "Bàbá Nojeem, má jẹ́ kó dákẹ́. Bó bá ti dákẹ́, ó ń bọ̀ wá bá mi nìyẹn."

Bàbá Àkíbù sì dákẹ́ lóòótọ́. Àwọn èèyàn wá kí i, ó ń mi orí. Nojeem pè é lórí fóònù, ó ní, "Ó dáa," ó dá fóònù padà. Oúnjẹ tí Karimat bá gbé síwájú rẹ̀, á fọwọ́ tọ́ ọ wò bí ẹni tó ń wo ara ọmọ bóyá ó gbóná, á sì tì í sápá kan. Àfi lẹ́yìn Àsárì nìkan. Bí Bàbá Fàsásì bá ti tẹ́ ẹní, Bàbá Àkíbù á jáde. Bó bá ṣe àbúrò lọ́jọ́ náà, á bẹ̀bẹ̀. Bó bá ṣe ẹ̀gbọ́n, á béèrè. Ohùn rẹ̀ ò ròkè tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń jáde. Karimat á dúró lẹ́nu ilé ìdáná pẹ̀lú ọmọrogùn lọ́wọ́, á máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú ara rẹ̀.

Àfi ìgbà tí àgbò já.

Àgbò Iléyá tí wọ́n so mọ́ ìdí ọsàn ni. Ó fa okùn já, ó sáré gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, wọ́n ń lé e lẹ́yìn. Ó fẹsẹ̀ gún páàdì kan, gbogbo rẹ̀ fọ́ wẹ́wẹ́. Wáyà èkejì kọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ó wọ́ ọ lọ títí dé ojú gọ́tà. Bàbá Fàsásì gbé èyí tó fọ́ dání bí ẹni tó gbé ẹyẹ tó kú. Bàbá Àkíbù wò ó. Ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Karimat kúnlẹ̀ níwájú ògiri rẹ̀. "Ẹ má ṣèyọnu, ẹ̀yin bàbá mi. Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyí. Màá ṣe òmíràn fún yín."

Ó po amọ̀, ó gbé e lọ bá kálukú wọn ní yàrá. Ọwọ́ Bàbá Fàsásì wọ amọ̀ lọ títí, ojú ìka kọ̀ọ̀kan jìn bí ihò ayò. Bàbá Àkíbù náà gba amọ̀, ó dì í mú. Nígbà tí Karimat gbà á padà, díẹ̀ ló kù kí ojú ìka rẹ̀ má hàn rárá. Karimat gbé amọ̀ náà sójú oòrùn, ó sì wò ó.

Ó fi iṣẹ́ àwọn oníbàárà sílẹ̀, ó gbájú mọ́ ti bàbá. Igi ọmọ̀ ló gbẹ́, nítorí ó fúyẹ́. Ó tọrọ àjákù awọ lọ́wọ́ Bàbá Fàsásì, ẹni tó ṣì ń rán àpò Kùránì àti bàtà, ó fi bo igi náà kó má baà máa yọ̀ lọ́wọ́. Ó tú rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, ó yọ rọ́bà inú rẹ̀, ó gé e, ó fi sábẹ́ bọ́tìnì. Ti Bàbá Àkíbù, rọ́bà tó rọ̀ jù lọ ló fi sí i, tó jẹ́ pé bí eṣinṣin bá bà lé e, á fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́.

Louisa, tó ń ta ṣájà àti àpò fóònù ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, gbé àga wá jókòó tì í.

Ó ní, "Ìyá Géèmù, gbogbo ayé ló ń wá ẹ láti àárọ̀. Oníbàárà rẹ ará Èkó yẹn tún pè. Mo ní o ń ṣe ìyàwó ilé."

"O ò parọ́. Ìyàwó ilé náà ni mò ń ṣe."

"Èwo ni ti àgbà nínú méjèèjì yìí?"

"Louisa, jọ̀ọ́, má dá ogun sílẹ̀ nílé ọkọ mi."

"Mo kàn béèrè ni! Èwo ni wàá fi bọ́tìnì ìbẹ̀rẹ̀ sí?"

Ìbéèrè yẹn ni Karimat ti ń sá fún. Páàdì ti wá di ti kálukú báyìí, ojú ọwọ́ kálukú ló wà lára tirẹ̀. Bó bá fi bọ́tìnì sí ti Bàbá Àkíbù nìkan, wọn á ní ó gbè sẹ́yìn bàbá ọkọ rẹ̀. Bó bá fi sí ti Bàbá Fàsásì, wọn á ní torí awọ tó tọrọ ni. Ìyàwó ilé tí kò wojú ẹnì kankan láàárọ̀, ṣé páàdì ni yóò wá fi wojú ẹni?

Louisa ní, "Bó bá jẹ́ èmi ni, méjèèjì ni màá fi sí. Kí àlàáfíà jọba. Kí ló dé tí bàbá arúgbó á máa bẹ bàbá arúgbó nítorí bọ́ọ̀lù?"

"Bó ṣe wà lọ́kàn mi nìyẹn," Karimat wí.

Kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Ẹ̀rọ náà ní ihò méjì tí a ń ki wáyà páàdì bọ̀. Èyí tó bá wà ní ihò kejì, ẹ̀rọ ò ní dá a lóhùn bó bá ní kí eré bẹ̀rẹ̀, kódà bó bá ní bọ́tìnì bí ìràwọ̀. Karimat ṣí ikùn ẹ̀rọ náà, ó fi wáyà kan tó tín-ínrín bí irun so ihò kejì pọ̀ mọ́ ti àkọ́kọ́, kí àṣẹ ẹni méjèèjì lè jọ dé ibì kan náà. Nígbà tó gbìyànjú rẹ̀ tó sì jẹ́, Louisa pàtẹ́wọ́. Inú Karimat dùn. Ó rò pé òun ti dá ẹjọ́ tí bàbá wọn ò rí dá.

Ó gbé e délé. Kò gbé ọ̀kan ṣáájú èkejì. Ó na ọwọ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn bàbá gbà á. Bàbá Fàsásì gbóòórùn awọ rẹ̀, ó ní, "Ìyàwó, Ọlọ́run á jẹ́ kí ọwọ́ yìí pẹ́." Bàbá Àkíbù fi àtàńpàkò ra ojú ibi tí wọ́n gbẹ́ fún un, ọwọ́ rẹ̀ wọ inú rẹ̀ bí ẹsẹ̀ ṣe ń wọ bàtà tó ti mọ́ ọn lára. Karimat ṣàlàyé fún wọn pé kò sí ẹni tí yóò máa bẹ ẹnì kan mọ́. Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n ní ó ṣeun.

Wọ́n tẹ́ ẹní. Bàbá Fàsásì tẹ bọ́tìnì, eré bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbá a, ó parí. Bàbá Àkíbù tẹ̀ ẹ́, òmíràn bẹ̀rẹ̀, ó parí. Karimat wà ní ilé ìdáná, ohùn tẹlifíṣọ̀n nìkan ló ń gbọ́. Ó rò nínú ara rẹ̀ pé ibi ìsinmi ni a dé yìí.

Lọ́jọ́ kejì, bákan náà. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, Bàbá Fàsásì ní ẹ̀yìn ń ro òun. Lẹ́yìn ìyẹn, Bàbá Àkíbù ò jáde mọ́. Ẹní wà ní kíká lẹ́bàá ògiri. Oúnjẹ tí Karimat gbé wọlé fún un láàárọ̀, bó ṣe gbé e náà ló gbé e jáde.

Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí Karimat lọ́kàn ni pé páàdì ló ní àbùkù. Ó tú u, ó tún rọ́bà pààrọ̀, ó fá igi níbi tó rò pé ó le. Ó gbé e padà wá. Kò sí ẹni tó gbé e nílẹ̀. Ó pe Nojeem, tó wà lójú ọ̀nà Jẹ́bà.

Nojeem ní, "Ṣé bọ́tìnì yẹn ń ṣiṣẹ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́. Méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́."

"Kí wá ló ń ṣe wọ́n?"

"Bí mo bá mọ̀, ṣé màá pè ọ́?" Ló bá bú sẹ́kún lórí fóònù. "Ìyá ní kí n má jẹ́ kí wọ́n dákẹ́. Wọ́n ti dákẹ́, Nojeem. Wọ́n ti dákẹ́ pátápátá."

Nígbà tó nu ojú rẹ̀ tán, ó lọ bá Bàbá Fàsásì níbi tó ti ń rán awọ. Ó kúnlẹ̀. Kò sí ògiri tí yóò wò níbẹ̀, nítorí náà ojú bàbá ló wò.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ibo ni mo ti ṣì í ṣe?"

Bàbá Fàsásì fa òwú já. "O ò ṣì í ṣe, ìyàwó. O ṣe é dáadáa jù ni."

"Kò yé mi, sà."

"Ẹni tó ní bọ́tìnì tirẹ̀, kí ló fẹ́ bẹ ẹnì kejì fún?" Ó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. "Ṣé bọ́ọ̀lù yẹn ló dùn mọ́ wa? Àwọn agbábọ́ọ̀lù tí mi ò rí ojú wọn mọ́? Àkíbù ò lè wá sí yàrá mi kó ní, Fàsásì, ṣé o sùn? Ṣé o ti jẹun? Èmi náà ò lè bi í. Àgbà ọkùnrin ni wá, kò sẹ́ni tó kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń bi í. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo lè bi í ní gbogbo ohun tó bá wù mí. Ó di dandan kó dá mi lóhùn. Ọwọ́ mi ni bọ́tìnì wà." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Látìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti lọ, bí ó bá di ọjọ́ mi, mo máa ń béèrè títí oòrùn á fi wọ̀."

Karimat fọwọ́ bo ẹnu. Gbogbo ariwo tó ń gbọ́ láti ilé ìdáná látọjọ́ tó ti wọ agboolé náà, òun ló wá ń yé e lẹ́yọ lẹ́yọ. Ó dìde láìdágbére. Ó gbé ẹ̀rọ géèmù, ó tú ìdè ìdí rẹ̀, ó wá wáyà tó tín-ínrín bí irun náà rí. Ó ti fi ọgbọ́n so ó, ó sì ti yangàn sí Louisa lórí rẹ̀. Ó gé e.

Ó tẹ́ ẹní fúnra rẹ̀ lẹ́yìn Àsárì. Ó gbé ẹ̀rọ kalẹ̀, ó gbé páàdì méjèèjì lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní, "Bàbá, mo ti yọ ọ́. Páàdì kálukú ṣì jẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ki tirẹ̀ bọ ihò kejì, kò lè bẹ̀rẹ̀ eré. Àfi kó bẹ̀bẹ̀."

Bàbá Fàsásì jókòó. Ó wo ilẹ̀kùn Bàbá Àkíbù tó wà ní títì. Òun ló borí nínú eré tí wọ́n gbá kẹ́yìn. Òun ni ipò ẹ̀gbọ́n tọ́ sí. Karimat dúró lẹ́nu ilé ìdáná, ó ń wò ó. Bàbá náà mú wáyà tirẹ̀, ó yí i wò, ó sì kì í bọ ihò kejì.

Ó gbóhùn sókè. "Ẹ̀gbọ́n!"

Ilẹ̀kùn ò mira.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bẹ̀rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ tẹ̀ ẹ́, kò gbọ́ tèmi."

Adìẹ kan kọjá lórí ẹní. Lẹ́yìn náà, ohùn kan jáde láti inú yàrá, ó há bí ilẹ̀kùn tí a kò tíì ṣí láti ọjọ́ pípẹ́.

"Ta lò ń pè ní ẹ̀gbọ́n?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Ìgbà wo ni mo nà ọ́?"

"Ẹ ò nà mí. Ó kàn wù mí kí n ní ẹ̀gbọ́n lónìí ni."

Ibùsùn dún. Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń wá bàtà nílẹ̀.

"O ti jẹun?"

"Mi ò tíì jẹ."

"Kí ló dé?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ò tíì jẹ. Ṣé ẹnu ọmọdé ló yẹ kó kọ́kọ́ mì?"

"Ìyàwó!"

"Sà!" Karimat fẹ́rẹ̀ẹ́ fò.

"Ọmọdé yìí ò jẹun láti àárọ̀, ẹ jókòó ẹ ń wò ó. Gbé oúnjẹ rẹ̀ wá."

"Tiyín ńkọ́, Bàbá?"

Ilẹ̀kùn ṣí. Bàbá Àkíbù dúró síbẹ̀, ó fọwọ́ di férémù mú, ojú rẹ̀ ń ṣẹ́ sí ìmọ́lẹ̀. "Gbé e pọ̀," ó wí.

Ẹ̀kọ àti ẹ̀fọ́ ni. Wọ́n jọ kó ọwọ́ bọ inú àwo kan, ohun tí Karimat ò rí wọn ṣe rí. Tẹlifíṣọ̀n ń tàn níwájú wọn. Bàbá Àkíbù jẹ òkèlè kan, ó jẹ ìkejì, ó yọ ahọ́n.

"Ata yìí ti pọ̀ jù. Ìyá Nojeem kì í fi ata tó báyìí sí ẹ̀fọ́."

Ọjọ́ tí wọ́n sin ìyá náà ni wọ́n ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ kẹ́yìn lẹ́nu Bàbá Àkíbù. Bàbá Fàsásì ò gbójú sókè, ó ń jẹun tirẹ̀ lọ.

"Irọ́ ni," ó wí. "Ó ń fi ata sí i dáadáa. Tìẹ ló máa ń bù sọ́tọ̀ kó tó fi ata sí i."

"Tìẹ? Ṣé ẹgbẹ́ rẹ ni mí?"

"Ẹ má bínú. Tiyín ló máa ń bù sọ́tọ̀. Àwa yòókù, ẹnu wa ló ń gbà á."

Bàbá Àkíbù dá ọwọ́ dúró lórí àwo. "Ó máa ń bù ú sọ́tọ̀?"

"Látọjọ́ tó ti wọlé. Ìkòkò kékeré kan báyìí, tó ní ìdérí búlúù. Ẹ ò mọ̀ ni?"

"Mi ò mọ̀." Ó yíjú sí Karimat, ó tún yíjú padà. "Kò sọ fún mi rí. Mo rò pé bí ọbẹ̀ gbogbo ilé ṣe rí nìyẹn."

Lójú tẹlifíṣọ̀n, àwọn agbábọ́ọ̀lù tó tó èèrùn dúró sórí pápá, wọ́n ń retí ẹni tí yóò tẹ bọ́tìnì. Bàbá Àkíbù nu ọwọ́ rẹ̀. Kò tẹ̀ ẹ́.

"Fàsásì," ó wí, "sọ bó ṣe máa ń ṣe é. Láti ìbẹ̀rẹ̀. Má fi nǹkan kan pamọ́."

Bàbá Fàsásì fẹ̀yìn ti ògiri, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń dùn ún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Karimat fa àpótí ìdáná wá sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó, òun náà ń gbọ́.